Ìwé Dráàfù Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 2/3/98
Olúyẹmí ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la — bó bá rí epo rà. Mo ní kó bá wa ra ìwé dráàfù mẹ́ta wá: ti òpè, ti ẹni àárín, ti ọ̀ta. Ó ní, "Bàbá, ta ni òpè nínú yín?"

Ọjọ́bọ̀, 5/3
Ọmọ dé láyọ̀. Ìwé pé. Ti òpè tín-ín-rín, àwòrán ló kún inú rẹ̀. Ti ọ̀ta nípọn: eré àwọn ọ̀gá, pẹ̀lú àlàyé ibi tí olúkúlùkù ti ṣì í ta.

Ìṣòro mi ni Bàbá Ọ̀gá — Bàbá Adébíyìí, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló dàgbà jù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn ìjọ tí a ti ń ta dráàfù ní Òkè-Ìlá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ta. Ta ni yóò jẹ ọmọ dráàfù ẹni tó kọ́ ọ ní A, B, D? Bí mo bá fún un ní ìwé òpè, àbùkù ni. Ti ọ̀ta ńkọ́? Abdulsalam ará Ìlọrin, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni ọ̀ta wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6/3
Ìyá Olúyẹmí ní ìwé lásán ni, kí n jẹun.

Àbámẹ́ta, 7/3
Ọjọ́ orí ni mo fi pín in. Bàbá Ọ̀gá gba ti ọ̀ta, inú rẹ̀ dùn. Èmi, ti àárín. Abdulsalam gba ti òpè, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣeun, Bàbá Yẹmí. Màá fi kọ́ ìyàwó mi."

Ìṣẹ́gun, 10/3
Bàbá Ọ̀gá kò wá.

Ọjọ́rú, 11/3
Kò wá. Àbí ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ọjọ́bọ̀, 12/3
Mo lọ sílé rẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó to dráàfù síwájú, ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ti ọmọ kan síwájú.
"Akínbọ́lá, ìwé yìí ní ẹni tó bá ta báyìí, ọmọ méjì ti lọ. Bí mo ṣe máa ń ta á nìyí. O kì í jẹ ẹ́. Abdulsalam kì í jẹ ẹ́."
Mo ní ọ̀wọ̀ ni, Bàbá.
"Ọ̀wọ̀ kọ́. Ẹ̀ ń bá mi ṣeré ọmọdé ni."

Àbámẹ́ta, 14/3
Ó wá. Lójú gbogbo wa ló gba ìwé òpè lọ́wọ́ Abdulsalam. Ó ní ẹni tó bá rí ọmọ òun tí kò jẹ ẹ́, kó má kí òun mọ́.
Abdulsalam pa á, ó tún pa á. Bó bá ti jẹ ọmọ kan, á ní, "Ẹ foríjì mí, Bàbá."
"Máa jẹ, má bẹ̀ mí."
Èmi náà pa á.

Ọjọ́ Ajé, 23/3
Mo tún pa á. Ó ń kùn sínú. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2/4
Bàbá Ọ̀gá pa mí. Gidi ni. Ó há kíǹgì mi mọ́ igun — mo wá ọ̀nà títí, kò sí ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ẹ pa mí."
Ó béèrè bóyá mo fi fún òun ni. Mo ní rárá o. Mo pe Abdulsalam wá wò ó. Ó ní òótọ́ ni, Bàbá Yẹmí kò ríbi gbà.
Bàbá Ọ̀gá ní, "Ẹnu yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣọ̀kan."
Ó kó àwọn ọmọ náà sínú agolo, ó ní kí n bá òun kí ìyá Olúyẹmí, ó lọ.
N kò mọ ohun tí mo lè fi búra fún un.