Òrùka Màámi àti Dáyámọ́ńdì

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Bí mo ṣe bọ́ sùtánà lẹ́yìn ìsìn ni mo rí i pé òrùka dáyámọ́ńdì tí ọkọ mi fi tọrọ mi ti ń ha òrùka wúrà ìgbéyàwó mi tí wọ́n jọ wà ní ìka kan náà. Wúrà náà ti tín-ín-rín. Òrùka ìgbéyàwó yìí, ti màámi tó ti di olóògbé ni.

Mo bọ́ dáyámọ́ńdì náà, mo fi sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ mi rí i, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé tèmi lo wá lé kúrò?"

"Rárá o, Bàbá Tẹ̀mi. Òrùka màámi ni dáyámọ́ńdì náà ń jẹ tán."

A jókòó síta. Òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà ìlú Igbódìgò, gbogbo nǹkan ń ṣe mí bí àlá. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Ó ní, "Èyí tí mo bá dì mú nínú ọwọ́ rẹ méjèèjì, màá bá òrùka níbẹ̀."