Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Gbẹ́lẹ̀

Kulthum ọmọ mi, Àlàkẹ́,

Àsàláàmù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé náà kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́hun tó mú ọ débẹ̀ kò ní í jẹ́ kí o ríbi níbẹ̀. Bí o bá ń bèèrè wa, gbogbo wa wà láàyè, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń dùn ún bó bá fẹ́ dìde. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, ìbejì ni, ọ̀kan nínú wọn sì jọ bàbá rẹ àgbà ní ojú. Sheriff awakọ̀ tó ń ná Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ìyá rẹ ní kí n kúkú pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gùn, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, káàdì yóò tán kí n tó dé ibi tí gbogbo àdúgbò ti ń bú mi.

O rántí pé nígbà tí o wá sílé gbẹ̀yìn, àwọn kan ń gbẹ́ kòtò gba iwájú ilé wa kọjá. Gáàsì ni wọ́n ń bá bọ̀. Ọkọ̀ ńlá ló ń gbé e wá sí táǹkì kan tí wọ́n rì sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, láti ibẹ̀ ló ti ń gba inú páìpù onírin lábẹ́ ilẹ̀ wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń mọ ilé tí yóò yà sí, èmi kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá rẹ sì ń fi í dín àkàrà rẹ̀, ó ní ojú òun kò ta òun mọ́ láàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ri òpó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò títí dé òpin, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹ pè wá kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ ni àwọn èèyàn ń so mọ́ ọn. Èmi kà á, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ẹni tó bá ní ẹrù sí abẹ́ ilẹ̀ rẹ, ṣé kò yẹ kí o sọ fún un kí o tó fi ọkọ́ kàn án ni? Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ kọ ebè sí ẹ̀yìnkùlé, mo pè wọ́n.

Obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń sọ tirẹ̀ lọ ni. Mo bèèrè àwọn ọmọ, ó ní kí n tẹ oókan bí mo bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá. Mo ní Yorùbá náà ni mo ń sọ sí i láti ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n ń gba ohùn mi sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Láti ọjọ́ náà, kí n tó pè wọ́n, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ tán, mo sì máa ń là á ketekete bí ìgbà tí mo ń ké kéwú níwájú Àlùfáà, kí àwọn ọmọ tó ń fi ohùn mi kọ́ṣẹ́ má baà kọ́ àṣìṣe. Lẹ́yìn obìnrin aláìkíni yẹn, ọmọ kan tó ń jẹ́ Janet gba fóònù. Òun ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó bi mí ibi tí mo fẹ́ gbẹ́, ó ní kò séwu níbẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, ó sì fún mi ní nọ́ńbà kan, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn. Mo mú un lọ bá Sheriff ní gáréèjì, mo bi í pé ibo ló lè gbé mi dé. Ó ní kò gbé mi dé ibì kankan.

Láti ìgbà náà, n kò gbẹ́lẹ̀ láìpè. Mo pè nígbà tí mo fẹ́ ri òpó okùn aṣọ. Mo pè nígbà tí ìyàwó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bímọ tí wọ́n fẹ́ ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀. Janet bi mí bí yóò ṣe jìn tó, mo ní ọmọkùnrin ni. Ọláyíwọlá tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tí ilé rẹ̀ tẹ̀ lé tiwa, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní bí ẹ̀gún bá gún mi lẹ́sẹ̀, kí n pe àwọn onígáàsì kí n tó yọ ọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni àwọn kan gbé katapila wọ àdúgbò, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, Àhmádù ló ń jẹ́, mo kí i, mo bi í bóyá wọ́n ti pè. Ó ní kí wọ́n pe ta ni? Mo fi òpó hàn án. Ó ní àwọn ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Mo ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ mú ìwé wá, ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹ pè wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ sinmi, ó sì ju ọwọ́ sí ẹni tó wà lórí katapila pé kó bẹ̀rẹ̀. Irin yẹn gbé apá rẹ̀ sókè. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí, Kulthum. Mo wọlé, mo gbé àpótí tí ìyá rẹ máa ń jókòó lé dín àkàrà, mo gbé e sí ojú ibi tí páìpù náà gbà, mo sì jókòó.

Àwọn èèyàn pé jọ. Inú bí Ọláyíwọlá gidigidi, nítorí ọmọ rẹ̀ kan wà lókè òkun, ojú rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa lórí fóònù. Ó ní tìtorí ìpè fóònù ni mo ṣe ń dí fóònù lọ́nà. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá ti pè, màá dìde. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yẹn, n kò tilẹ̀ ro ewu kankan, mo kàn rí i pé àfojúdi ni. Mo wá pe Janet fúnra mi. Nígbà tó gbọ́ katapila, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Mo ní n kò dìde. Ó ní kí n gbé fóònù fún ẹni tó wà lórí katapila. N kò gbọ́ ohun tó bá a sọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ìjọba dé láti Ìlọrin, Janet ló fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Ọmọbìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀, Hafeezat ni wọ́n ń pè é, kò lè jù ọ́ lọ, ó wọ bàtà bíi ti sójà, ó sì dé akoto lé híjáàbù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ páìpù gáàsì wò bóyá ìpẹtà ń jẹ ẹ́, kó sì fi òfin mú ilé iṣẹ́ tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó gbé ẹ̀rọ kan dání tó ń gbóòórùn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ́dọ̀ mi, àfi ìgbà tó dé iwájú ilé Ọláyíwọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ọláyíwọlá sáré wọlé lọ wẹ̀.

Hafeezat ní kí wọ́n fi ṣọ́bìrì hú ilẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí páìpù yọ, ohun dúdú tí wọ́n fi wé e ti ya, ìpẹtà ti jẹ irin náà wọnú, ibì kan sì wà tó ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Òórùn kan jáde. Ìyá rẹ ní òórùn náà nìyẹn. Ó ti ń gbọ́ ọ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹyin ọ̀bu ló pè é, ó sì ti bá ìyàwó Ọláyíwọlá jà pé adìẹ wọn ń yé sí ibi tí kò yẹ. Hafeezat ṣàlàyé pé gáàsì kò lóòórùn, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi òórùn yẹn sí i kí èèyàn lè fura bó bá ń jò. Ó wo páìpù, ó wo katapila, ó ní bí eyín irin yìí bá kàn án péré. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Àhmádù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Hafeezat ní òfin sọ pé kí àwọn onígáàsì ri irin mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, kí wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí ìpẹtà lè máa jẹ ìyẹn kó fi páìpù sílẹ̀, kí wọ́n sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Wọn kò ri nǹkan kan, wọn kò sì wá. Mo ní ó yé mi, àgbò Iléyá ni. Ọmọ Ànábì Ibrahim kò kú, àgbò ló kú dípò. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Bàbá. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi táǹkì, ó ti gáàsì gbogbo àdúgbò pa, ó sì fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo sí i.

Ibi tí wọ́n ti bú mi nìyí o. Ààwẹ̀ wọlé, kò sí gáàsì. Àwọn obìnrin padà sídìí igi ìdáná, èéfín bo àdúgbò, oúnjẹ sààrì sì ń jóná. Wọ́n ní èmi ni mo fi fóònù pe wàhálà wá. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ ló ń bá sọ ohun tó bá fẹ́ kí n gbọ́.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ onígáàsì fi jíìpù wá, ó kó ṣúgà ààwẹ̀ wá fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ Hafeezat pé kó jẹ́ kí àwọn lẹ ibi tó jò, kí ààwẹ̀ kọjá ná. Hafeezat kọ̀. Ọ̀gá náà wá yà sọ́dọ̀ mi, ó ní ọmọ náà yóò gbọ́ tèmi. N kò ní purọ́ fún ọ, mo lọ. Ojú ìyá rẹ ti pọ́n bí ata, mo sì fẹ́ kí ó bá mi sọ̀rọ̀. Hafeezat kúnlẹ̀ kí mi, ó gbọ́ mi tán, ó wá ní, Bàbá, bí mo bá ṣí i lónìí, ó lè má ṣe nǹkan kan títí ààwẹ̀ á fi parí, ó sì lè ṣe. Bó bá máa ṣe, ilé wo ni ẹ fẹ́ kó jẹ́?

Mo wo ọ̀nà síhìn-ín, mo wò ó sọ́hùn-ún. Ilé Ọláyíwọlá ni ojú mi kọ́kọ́ lọ, mo jẹ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ mọ́sà, òróró ti kún àgbọ̀n rẹ̀. N kò rí ilé tí mo lè dárúkọ. Mo ní kó dìde, kó má ṣí i. Mo padà sílé, mo sọ ìbéèrè náà fún ìyá rẹ bó ṣe bi mí. Kò tilẹ̀ bá ewúrẹ́ sọ ọ́. Ó dìde, ó di igi ìdáná lọ fún ìyàwó kékeré tó bímọ.

Ṣúgà kò ran ọ̀gá wọn lọ́wọ́. Ó san ìtanràn, wọ́n hú páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n fi tuntun sí i, Hafeezat sì dúró tì wọ́n. Irin dípò-dípò yẹn náà wọlẹ̀, èmi ni mo ń ṣe bísímílà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àhmádù padà wá ri wáyà rẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà, ó kọ́kọ́ pè. Wọ́n fún mi ní akoto kan. Mo dé e lọ ìrun Jímọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iwájú orí mi kan ilẹ̀, Lèmọ́mù ní kí n bọ́ ọ.

Kí ààwẹ̀ tó parí ni gáàsì tún wọlé. Ìyá rẹ pè mí sí ìdí sítóòfù, ó ní kí n dúró ti òun. Ó ṣáná. Iná náà jáde pẹ̀lẹ́, àwọ̀ aró ni, àwa méjèèjì sì dúró tì í, a ń fi imú fà á.

Kulthum, bá mi fi káàdì ránṣẹ́, tèmi ti tán lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí o sì wá bàtà aláwọ tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, èyí tí o ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún wò ó. Sìlíńdà gáàsì rẹ ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, rọ́bà rẹ̀ sì ti sán. Nígbà yẹn mo ń fi han àwọn èèyàn pé yàrá ọmọ mi dára. Ní báyìí, bí mo bá dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ. Ìyá rẹ ti di owó mọ́ inú ìwé yìí, owó àkàrà ni, má fi ra nǹkan mìíràn. Fi ra rọ́bà tuntun, kí o sì gbé sìlíńdà náà síta. Bí onílé bá ní kò sí àyè níta, wá ilé mìíràn, a ó jọ wá owó rẹ̀. Má dúró de ìgbà tí òórùn bá jáde.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa kò tó. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní í yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Wàá fi ayọ̀ wọlé wá bá wa, wàá bá wa láyé, àwa náà yóò gbé ọmọ rẹ jó. Àmín. Ìyá rẹ ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ní kí o fi èsì rán Sheriff kó tó ṣẹ́rí padà, pé òun yóò ti lọ dúró dè é ní gáréèjì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sulaiman