Alágbàfọ̀ àti Ìgò Kẹrin

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Ìwádìí Ẹ̀jẹ̀,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀ o. Ṣé ẹ ti ń rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń se oúnjẹ tó máa ń jóná yẹn fún yín? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò tún ya ọkọ̀ sára nǹkan funfun tí dókítà fi di ẹsẹ̀ yín? Ara tèmi le koko bí ọta. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbí ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá orí mi pé.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n yè! Wọ́n yè, wọ́n sì ń bí sí i!

Ẹ ṣáà rántí iṣẹ́ mi. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá àrùn jà, a ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì B. Kí wọ́n tó di jagunjagun, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Àwọn ọmọ ọwọ́ yẹn ni wọ́n ní kí n tọ́ nínú ìgò, láti inú eegun eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan máa ń tẹ́ ara wọn sísàlẹ̀ ìgò bí ẹní, àwọn ni alágbàtọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ ń gbé. Tèmi ò ju kí n máa pààrọ̀ omi oúnjẹ wọn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ìgò kìíní, òfo. Ìkejì, òfo. Ìkẹta, mo sunkún. Alágbàtọ́ á wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ọmọ kankan ò ní sí. Ọ̀gá wa, ìyá àgbà tí a ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn, wá sọ pé tí ìkẹrin bá tún ṣófo, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà, kí èmi máa lọ fún eku lóúnjẹ.

Ọjọ́ tó yẹ kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ omi ìgò kẹrin gan-an lẹ ṣubú nílé ìwẹ̀. Mo wá o, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dára. Mo sọ lójú yín pé ẹsẹ̀ yín ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí. Ẹyin lohùn, mo sì mọ̀ pé ó ti fọ́. Ẹ forí jì mí.

Nígbà tí mo padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, omi ìgò ti ṣe kùrukùru. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti gbé e kí n dà á nù nígbà tí ọ̀gá pariwo pé kí n má fọwọ́ kàn án, ṣé mo ti wò ó ni? Mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Yéè! Ọmọ rógódó rógódó, wọ́n pọ̀ lọ súà! A fi àwọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ irú wọn nìkan dán wọn wò, wọ́n tàn yòò.

Ọ̀gá bi mí bí mo ṣe ń pààrọ̀ omi tẹ́lẹ̀. Mo ní màá mi ìgò dáadáa, màá da gbogbo omi nù, màá sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ́. Ìyá náà káwọ́ lérí. Àṣé àwọn ọmọ yẹn kì í dì mọ́ alágbàtọ́ gírígírí! Mo rò pé òkú ló ń léfòó, ọmọ ni mo ń dà sínú síńkì láti oṣù mẹ́jọ! Ìdajì omi péré ló yẹ kí n máa fà jáde, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Alágbàfọ̀ nígbà tí mo máa ń tún abọ́ tó mọ́ fọ̀. Orúkọ ń roni lóòótọ́. Ká ní ẹ ò ṣubú ni, ǹ bá ti fọ ìkẹrin náà mọ́ tónítóní.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dín iná kù. Mo fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Lánàá la kó díẹ̀ lára àwọn ọmọ inú ìgò sí fírísà, ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí gbogbo wa á fi darúgbó. Ẹni tó bá tọ́ wọn ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀gá ka ohun tí mo kọ sára ìgò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá àga jókòó. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi.

Èmi àbúrò yín tó ti jáwọ́ nínú fífọ ohun tó mọ́,
Alágbàfọ̀.