Orí Àǹtí Nínú Ààrò

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà
Mo bẹ̀rẹ̀ ère ìdánwò. Orí Àǹtí ni mò ń fi amọ̀ mọ—ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n jókòó fún mi ní yàrá iṣẹ́ wa bí ẹni tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Wọn ò mí. Ìgbà tí wọ́n máa mí, àṣẹ ni: "Dín imú yẹn kù. Ọrùn mi ò tóbi tó yẹn." Olùkọ́ wa, Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i—ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn—ní kí n dá imú náà padà. Mo dín in kù. Mo dá a padà. Imú ti sú mi.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà
Gálárì lọ́sàn-án, ilé àfihàn ère àti àwòrán tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Mo gbé pákó, mo nu gíláàsì. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án, pariwo mọ́ mi torí mo fara ti ògiri. Ibẹ̀ la ti máa ṣàfihàn iṣẹ́ ìdánwò wa. Ère tí kò bá dé orí pẹpẹ olùkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì kò ní bá àwọn yòókù wọ ààrò tí a fi ń sun ère, ẹni tó ni ín á sì tún kíláàsì kà. Èmi ni Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà
Mo gbé!
Amọ̀ tí inú rẹ̀ kún máa ń bú gbàmù nínú iná. A máa ń fi wáyà gé àtàrí ère kúrò, ká bu inú rẹ̀ jáde, ká tún lẹ àtàrí padà. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí ò mọ̀. Wọ́n kàn yà wò mí. Ohun tí wọ́n bá: àtàrí wọn lórí tábìlì, ṣíbí lọ́wọ́ mi, mò ń bu inú orí wọn.

Igbe tí wọ́n ké, àwọn tó ń kun àwòrán lókè sáré sọ̀ kalẹ̀. "Ìwọ lò ń gbẹ́ mi lórí! Abájọ tí orí fi ń fọ́ mi láti àná!" Mo ṣàlàyé. Mo dárúkọ iná. Kò yẹ kí n dárúkọ iná. "Ó tún fẹ́ sun mí!" Wọ́n fi ìborùn wọn di àtàrí náà, wọ́n gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà
Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn láti ìdájí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá gbẹ, kò ní lẹ̀ mọ́." Wọ́n ṣílẹ̀kùn tìbínú-tìbínú. Ta ló ní ó gbẹ? Àtàrí wà nínú bàsíà, aṣọ tútù lórí ẹ̀. Wọ́n ti ń wọ́n omi sí i láti àná bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun.

Wọ́n gbé e tẹ̀lé mi dé yàrá iṣẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ó wọ́ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n wò ó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ère náà sórí pẹpẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà
Ààrò ń jó. Àǹtí ní ara àwọn gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà
Ó jáde. Kò là! Mo jó yí ààrò ká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà
Àfihàn. Èmi ni mo gbé àwo ohun mímu káàkiri. Àǹtí múra bí ọ̀gá gbogbo ayé, wọ́n rìn tààrà lọ síwájú ère, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn. Mo rò pé ìjà dé. Wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni wọ́n wí fún amọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Èmi kọ́ rèé. Ìyá mi ni."

Ìyá bàbá mi ti kú kí wọ́n tó bí mi. Kò sí fọ́tò wọn kankan. Àǹtí ní bí ẹnu wọn ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn wí. Omijé mi bọ́ sínú kọ́ọ̀pù àlejò kan. Mi ò sọ fún un.

Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án sáré dé. "Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án."
"Kí n má fọwọ́ kan ìyá ta ni?"
Ó yẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn ará gálárì ti fẹ́ tìlẹ̀kùn báyìí. Àfihàn ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, ère ò sì lè kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ní àwọn ò ní fi ìyá àwọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Gbogbo àwọn ará gálárì ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n wá mú Àǹtí lọ. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mò ń kọ èyí. Èmi náà ò tíì bá ìyá bàbá mi jókòó rí.