Epo Ìgò Nínú Mọ́tò Tọ́bò

Agbalépédogan,
Lomé, Togo.
12 Oṣù Kẹsàn-án, 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Yétúndé,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àníyàn lórí ọ̀rọ̀ wa. Ṣé ara ẹ̀yin àti Bàbá Yétúndé le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ń kọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. A ti kúrò ní Kùtọnù tí a sá lọ, a ti padà sí Lomé láti oṣù tó kọjá, nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ Togo parí. Ọjà Adawlato ti ń kún díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ṣì wà ní títì.

Mo gbọ́ pé Àlàbá, tó wá kí wa ní Kùtọnù, sọ fún yín pé mọ́tò Joseph ti bàjẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò mọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni Joseph ọkọ mi ń ṣe, ẹ sì mọ bó ṣe fẹ́ràn Pijó tọ́bò yẹn tó. Epo súpà, èyí tó dára jù, nìkan ló ń mu. Ó máa ń ṣàlàyé fún mi pé tọ́bò a máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Epo tí kò bá dára tó á wá gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, á máa lu ẹ́ńjìnnì láti inú títí yóò fi fọ́. Nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀, àwọn ilé epo tì pa. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nìkan là ń rí, ta ló sì mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn? Joseph ní kàkà kí òun da ìyẹn sínú mọ́tò òun, kó kúkú wà lójú kan.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún yìí, tí ìbọn àwọn sójà ń ró ládùúgbò, tí àwọn ará ilé wa ń di ẹrù, oyún inú mi ti lé ní oṣù méje. Ìyá ọkọ mi, Màmá Christiana, wò ó lójú, wọ́n ní, "Joseph, ṣé mọ́tò la ó jókòó tì ni?" Ó lọ ra epo ìgò, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì dín agbára tọ́bò kù pátápátá. Ó ní tí òun bá rọra wà á, yóò gbé wa dé Kùtọnù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ́ lọ bí ìgbín, tí tasí jákujàku ń yà wá sílẹ̀. Ní Hilakondji, ibodè Togo àti Benin, èrò pọ̀ bí eṣú, oòrùn sì pa wá níbẹ̀. A kọjá tán, a dojú kọ ọ̀nà Wídà, ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára mi. Màmá figbe ta. Joseph dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú mọ́tò. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Àṣé ó ń dá agbára tọ́bò padà.

Mo ní, "Joseph, epo yìí ò lè gbé e o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Màmá, ẹ di Mojí mú."

Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò yẹn fò. Láìpẹ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró náà, bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, òun náà mọ̀ ọ́n, kò sì dín eré kù. Bí ìró náà ṣe ń le sí i ló ń fọwọ́ pa sítíárìn lára, bí ẹni ń rẹ ẹṣin lẹ́kún. Èéfín bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn wa. Iwájú ilé ìwòsàn ní Wídà gan-an ni mọ́tò náà kú sí. Dókítà ní bí a bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i, èmi àti ọmọ ì bá má sí mọ́. Ọmọ náà kéré bí òròmọdìyẹ, ṣùgbọ́n ó ké. Màmá sọ ọ́ ní Abíọ́nà.

Nígbà tí Joseph tú ẹ́ńjìnnì náà, ó fi písítọ̀n kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, hàn mí, orí rẹ̀ ti luhò. Èmi tí mo máa ń pe mọ́tò yẹn ní orogún mi, èmi ni mo bú sẹ́kún. Mo ti ń rò ó látìgbà náà: ohun tí èèyàn fẹ́ràn kì í ṣòro láti rí, ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ fi ohun náà sílẹ̀ ló máa ń pẹ́ ká tó mọ̀.

Màmá ní kí n kí yín. Abíọ́nà ti ń jókòó, ó ti hu eyín méjì. Ẹ bá mi kí Yétúndé àti gbogbo ará ilé. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú rinjú.

Wọ́n ti fa mọ́tò náà dé Lomé. Joseph ní kí n bẹ Bàbá Yétúndé pé tí wọ́n bá dé Èkó, kí wọ́n bá òun wo ẹ́ńjìnnì lásán, èyí tí kò ní tọ́bò, kí mọ́tò náà ṣáà ti máa rìn. Ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó ní tọ́bò ni kẹ́ ẹ bá wa wá.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,

Mojísọ́lá.