Ayùn Tí Ẹ Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Fọwọ́ Kàn Mọ́

Láti ṣọ́ọ̀bù yín,
tí gbogbo ayé ní ó ti tì pa.

Bàbá Kékeré mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ibi tí mo wà. Ṣé ara yín le? Ṣé ọwọ́ náà kì í ro yín mọ́ bí òtútù bá mú? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn nílé ẹ̀gbọ́n mi? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí ìbùsùn. Èmi náà wà láàyè, ìka mi sì pé mẹ́wàá. Mo tètè dárúkọ ìka nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀.

Mo ti ra ayùn onítábìlì náà. Kì í ṣe irú rẹ̀ o, òun gan-an ni: èyí tó gé ìka yín méjì, èyí tí àwọn ọmọ yín tà, tí ẹ sì búra pé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mọ́. Ọmọ ìdílé yín ni mí, mo sì ti fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa lẹ́tà yìí ya. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ayùn ọwọ́ ni mo ń lò. Àpótí ìjókòó àti ilẹ̀kùn ilé adìẹ ni mò ń ṣe, iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Pákó kan ṣoṣo, mo lè fi ìdajì ọ̀sán là á, kó sì tún wọ́ bí ìrù ejò. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ lẹ́yìn ibùdókọ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Ayùn mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èkíní, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún bí ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì èkejì, ó ti gbóná kí n tó dé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti mú gbóná de oníbàárà, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ̀kẹta wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi àpò bò ó. Mo ṣí i, mo sì rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin náà pariwo, "Má fọwọ́ kàn án! Ìyẹn ti jẹ èèyàn rí. Àwọn tó ń yọ́ irin ló ń bọ̀ wá gbé e." Mo ní, "Èèyàn tó jẹ, bàbá mi ni. Tan án kí n rí i." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ káfíńtà àná yìí? Ṣé o fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ di pẹ́ńsù mú ni?" Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lákòókò yẹn ni. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan dé, mo jókòó lé e, mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi dé. Nígbà tó dé, mo gbé owó onírin kan nàró lórí tábìlì ayùn náà bó ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣubú, torí ẹ̀rọ náà kò gbọ̀n rárá. Ẹnu ọkùnrin náà ló wá ṣubú. Mo ta kẹ̀kẹ́ mi láti fi rà á. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn báyìí, kò sì sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, gbọ́. Wọ́n pariwo lórí fóònù títí etí mi fi ń hó. Wọ́n ní, "Irin tó jẹ ẹran ara bàbá mi ni ìwọ ọmọ yìí lọ gbé wálé? Ṣé òkúta ló wà nínú orí ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin bàbá wọn lẹ sọ mí lórúkọ náà. Wọ́n ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. Mi ò mú un lọ, mi ò sì ní mú un lọ. Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí wọ́n fi parí rẹ̀: pé ojú yín ti ṣú, ọwọ́ yín ti gbó, pé ọjọ́ orí ló gé yín lọ́wọ́, àti pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré, ẹ foríjì mí, irọ́ lẹ pa mọ́ ara yín.

Nígbà tí mo gbé ayùn dé, mi ò tan án. Rúlà ni mo kọ́kọ́ mú. Mo wọn àyè tó wà láàárín abẹ ayùn àti irin gbọọrọ tí pákó máa ń fara tì kọjá. Ní iwájú, níbi tí a máa ń dúró sí, ó pé. Iwájú yẹn nìkan sì ni gbogbo wa máa ń wọ̀n. Lọ́jọ́ náà, mo yí lọ sẹ́yìn. Irin yẹn ti tẹ̀ wọnú ní ẹ̀yìn, ó tó ìbú èékánná. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Pákó tó bá dé ibẹ̀ yóò há, abẹ ayùn yóò gbé e sọ padà, yóò sì fa ọwọ́ ẹni tó ń tì í wọlé. Bí ọmọ ogún ọdún ló dúró síbẹ̀, yóò gé e.

Ta ló wá tẹ irin náà? Ẹ rántí ọjọ́ tí òrùlé ń jò, tí ẹ ní ká sún ayùn kúrò lábẹ́ omi. Ẹ ní, "Abẹ́ rẹ̀ ni kó o ti gbé e o. A kì í fi etí gbé ọmọ tuntun." Ẹ wá yíjú lọ gba pákó wọlé. Jórinjórin ìsọ̀ kejì ń wò mí, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo lágbára. Irin yẹn ni mo dì mú, mo fi wọ́ ayùn kọjá ilẹ̀. Ó dún kẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Ọjọ́ kejì ló gé yín. Ìró yẹn kò kúrò létí mi láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí mo fi gbé rúlà sí ẹ̀yìn ayùn.

Nítorí náà, ẹ fi ojú yín sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀, wọn ò ṣẹ̀. Èmi ni kí ẹ bínú sí. Ti irin tí mo tẹ̀, mo bẹ̀ yín, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Ti ayùn tí mo rà, mi ò bẹ̀.

Mo ti tú irin náà, mo ti lù ú padà sípò díẹ̀díẹ̀. Mo ti dá ìdérí abẹ rẹ̀ padà, èyí tí a yọ sọ síbi kan nítorí ìkánjú. Igi ni mo fi ń ti pákó, kì í ṣe ìka. Bí ẹ bá fẹ́ ṣépè fún mi, ẹ wá ṣépè náà níbí, lójú mi. Ìjókòó wà. Pákó àkọ́kọ́ tí mo là ni mo fi kàn án. Ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀, ẹ ó bá mi wí. Ẹ̀yìn ayùn ni mo gbé e sí, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dúró sí rí. Èmi yóò máa wọn iwájú, ẹ̀yin yóò máa wọn ẹ̀yìn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ìka tó kù yóò ṣe ju èyí tó lọ. Ẹ ó jèrè ọmọ, títí kan àwa olórí kunkun inú wọn. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tí í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín,
Orí Òkúta.

Àfikún: Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nínú àpò tí awakọ̀ gbé fún yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ayùn yẹn ló là wọ́n. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn kan ara wọn, kí ẹ gbé wọn sójú fèrèsé tí wọ́n ní ẹ kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Ojú tí ẹ ní ó ti ṣú yẹn ni kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn, a jẹ́ pé kò là wọ́n gún, ẹ sọ fún awakọ̀, n ó gbé ayùn fún àwọn tó ń yọ́ irin. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wọ bàtà yín. Mo ti ní kí ọkọ̀ dúró dè yín.