Ìràwọ̀ Tí Tómi Kò Gbà

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, oṣù Kẹfà

Ìyá Tómi wá láti Odogbolu lónìí, wọ́n ní ọmọ àwọn kò kọ́ píánò mọ́.

Èmi ni mo kọ orúkọ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní píánò sára ògiri, tí mò ń lẹ ìràwọ̀ fún ẹni tó bá fi píánò dánra wò nílé. Mo rò pé yóò mú orí wọn yá ni. Tómi kò gba ẹyọ kan.

"Àǹtí," ni ìyá rẹ̀ wí, "a ò ní píánò. Orí páálí tó ya píánò sí ló ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní irọ́ lòun pa tóun bá pè é ní píánò fún yín."

Ọmọ ọdún méje. Èmi ò sì bi í léèrè rí...

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un padà wá, kó máa lo tèmi.

Wọ́n mirí. "Ó ti fa páálí náà ya láàárọ̀, Àǹtí."